Áńtẹ́nà Inú Àjà: Ẹ Wo Òrùlé Yín Kí Ẹ Tó Náwó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìwé kíkà, òwe yìí kan àwa tí a wá kàwé ní Port Harcourt gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í gbé inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. À ń háyà yàrá káàkiri ìgboro, títí dé Elelenwo ní ìjọba ìbílẹ̀ Obio-Akpor. Bí omi òjò bá bo ojú ọ̀nà, bí ìjọba bá kéde kónílé-ó-gbélé, bí àwọn awakọ̀ bá daṣẹ́ sílẹ̀, amóhùnmáwòrán àdúgbò ni ó yẹ kó kọ́kọ́ ta wá lólobó. Ẹni tí kò bá rí ìkànnì àdúgbò, ó di ìgbà tó bá dúró ní ibùdókọ̀ tí kò rí ọkọ̀ kó tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Dátà sì rèé, kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan fi máa ń jáde láàárín wa: ṣé ènìyàn lè gbé áńtẹ́nà sínú àjà ilé, kí ó sì máa rí ìkànnì díjítà tó mọ́ gaara? Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n wá. Onílé kì í sábà fẹ́ kí ayálégbé ri òpó irin mọ́ ẹ̀yìnkùlé òun. Òpó tó wà níta, olè lè gé wáyà rẹ̀, ìjì lè yí i, ààrá lè bá a. Àjà sì wà lókè orí wa, eku àti aláǹgbá nìkan ló ń gbé ibẹ̀.

Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n òrùlé ilé ni yóò sọ bóyá yóò ṣeé ṣe fún ọ. Ẹni tó bá ra áńtẹ́nà kó tó wo òrùlé, agbọ̀n ló fẹ́ fi pọnmi. Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Láti Ìbàdàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀

Amóhùnmáwòrán kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ Yorùbá. Ní 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí ìjọba níbẹ̀, ṣí WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Òun ni wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ yìí ti wọlé wa ni iṣẹ́ kan ti wà tí ọmọ ilé kò lè yẹ̀ sílẹ̀: ẹnìkan yóò wà níta tí yóò máa yí òpó, ẹnìkan yóò wà lójú fèrèsé tí yóò máa pariwo pé, “Ó ti ń mọ́! Má yí i mọ́! Háà, ó tún ti bàjẹ́!”

Ní ayé ìgbà náà, tí a ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní ánálọ́ọ̀gù, àwòrán lè dàbí ẹni pé iyanrìn ń rọ̀ lé e lórí, síbẹ̀ a óò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, a óò sì gbọ́ ohun tó ń sọ. Díjítà kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú díjítà, wọ́n á ti sọ àwòrán àti ohùn di òǹkà kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Bí púpọ̀ nínú òǹkà náà bá dé ọ̀dọ̀ wa, díkódà yóò tún ìwọ̀nba tó sọnù ṣe, àwòrán yóò sì mọ́ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èyí tó sọnù bá ti kọjá agbára díkódà, àwòrán yóò gan, yóò já sí wẹ́wẹ́ onígun mẹ́rin, ojú ẹ̀rọ yóò sì ṣókùnkùn. Ó mọ́ tàbí kò mọ́, kò sí ìkẹta. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé áńtẹ́nà tí ó tó wa lò nígbà ánálọ́ọ̀gù lè má mú ohunkóhun wá nígbà díjítà.

Àǹfààní díjítà náà kò kéré. Àyè kan nínú afẹ́fẹ́ tí ó gba ìkànnì kan ṣoṣo láyé àtijọ́ lè gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nísinsìnyí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń ṣí lọ síbẹ̀. Amẹ́ríkà pa ánálọ́ọ̀gù tì fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá rẹ̀ ní 12 oṣù Kẹfà, 2009. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì parí tirẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, 2012. Ìpàdé àgbáyé tó wáyé ní Geneva ní 2006 ni ó fi 17 oṣù Kẹfà, 2015, ṣe gbèdéke fún Áfíríkà àti àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n gbèdéke náà kọjá lórí Nàìjíríà.

Kí ló wà nínú afẹ́fẹ́ Port Harcourt?

Kí a má tan ara wa jẹ. Ètò ìkànnì díjítà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní FreeTV, tí àjọ NBC ń darí, kò dé gbogbo ìpínlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Jos ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 30 oṣù Kẹrin, 2016. Abuja tẹ̀lé e ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Ìlọrin àti Kàdúná gba tiwọn ní oṣù Kejìlá, 2017. Òṣogbo àti Enugu gba tiwọn ní oṣù Kejì, 2018. Èkó dé orí rẹ̀ ní 29 oṣù Kẹrin, 2021, Kánò sì tẹ̀lé Èkó. Ní ọdún 2021 náà ni ìjọba àpapọ̀ dárúkọ Rivers mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ tó kàn. Nítorí náà, ọmọ Òṣogbo tó wá kàwé síhìn-ín kò gbọdọ̀ rò pé díkódà tó ń mú ìkànnì ọ̀fẹ́ wá nílé bàbá òun yóò ṣe bákan náà ní Elelenwo. Kó wọ ilé aládùúgbò tó ní i, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i kó tó náwó.

Èyí tí ó dájú pé ó wà ní Port Harcourt láti ọjọ́ pípẹ́ ni díjítà olówó oṣooṣù. StarTimes, tí NTA àti ilé-iṣẹ́ kan láti Ṣáínà jọ dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 2010. GOtv tẹ̀lé e ní 2011. GOtv àti StarTimes onáńtẹ́nà ń gba orí òpó tó wà nílẹ̀ ránṣẹ́ bíi ti ìkànnì àdúgbò, nítorí náà òfin kan náà ló de gbogbo wọn, ẹni tó ń sanwó àti ẹni tí kò sanwó. Ṣùgbọ́n ti oníṣáàsì yàtọ̀. Ojú ọ̀run ni ṣáàsì DStv ń kọjú sí, kò sì sí ọ̀nà tí a lè gbà kì í sábẹ́ òrùlé. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun lè ṣe é, ẹ yà fún un.

Ní ti ìkànnì àdúgbò, Elelenwo gan-an ni ilé-iṣẹ́ RSTV, amóhùnmáwòrán ìjọba ìpínlẹ̀ Rivers, wà. UHF 22 ni a mọ̀ ọ́n mọ́. NTA Port Harcourt wà ní Mgbuoba, AIT sì wà ní Ozuoba, àwọn méjèèjì sì wà ní apá ìwọ̀-oòrùn fún ẹni tó dúró ní Elelenwo. Ẹ jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n yín wá ìkànnì lọ́nà méjèèjì, ánálọ́ọ̀gù àti díjítà, nítorí pé ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ọjọ́ òní ló lè ṣe méjèèjì. Bí ẹ bá rí orúkọ ìkànnì kan tó jáde ṣùgbọ́n tí kò fi àwòrán hàn, ó lè jẹ́ ti àwọn olówó oṣooṣù ni, tí wọ́n ti tì pa.

Àwọn kan nínú wa tún ń béèrè pé ṣé áńtẹ́nà tó lágbára kò lè bá wa mú ìkànnì Ìbàdàn wá, kí a lè máa gbọ́ Yorùbá wa. Kò lè ṣe é. Ìgbì tó ń gbé amóhùnmáwòrán máa ń rìn gbọọrọ ni, ayé sì rí roboto. Bí òpó ilé-iṣẹ́ kan bá ga tó mítà 150, tí áńtẹ́nà wa sì ga tó mítà 4, nǹkan bíi kìlómítà 60 ni ìgbì náà yóò dé kí ilẹ̀ tó ṣíji bò ó. Láti Ìbàdàn sí Port Harcourt ju kìlómítà 400 lọ.

Báwo ni áńtẹ́nà ṣe ń ṣiṣẹ́?

Áńtẹ́nà kì í ṣe oògùn. Irin tàbí wáyà tí a gé níwọ̀n tó bá ìgbì mu ni. UHF ni díjítà ń lò, láàárín 470 àti 694 MHz. Bí a bá fi 300 pín fún iye MHz, a óò rí gígùn ìgbì náà ní mítà. UHF 22 wà láàárín 478 àti 486 MHz. Ìgbì rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 62, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 31. Irin tó gùn tó nǹkan bí ìdajì ìgbì ni ó ń bá ìgbì jó dáadáa. Ìdí nìyẹn tí àwọn irin ara áńtẹ́nà UHF kò fi ju rúlà akẹ́kọ̀ọ́ lọ, ìyẹn rúlà sẹ̀ǹtímítà 30. VHF tí a ń lò tẹ́lẹ̀, irin rẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Díjítà ló mú kí áńtẹ́nà kéré tó èyí tó lè wọ inú àjà láìsí wàhálà.

Àwọn irin kéékèèké tó wà níwájú áńtẹ́nà olóókan-ẹ̀gbẹ́ ló ń darí ìgbì sí ibi tó yẹ, èyí tó wà lẹ́yìn sì ń dá a padà kó má bàa kọjá. Nítorí náà, ibi tí àwọn irin kéékèèké kọjú sí ni áńtẹ́nà náà ń “gbọ́” jù. Ẹ tún wò ó bóyá àwọn áńtẹ́nà àdúgbò dùbúlẹ̀ tàbí wọ́n dúró. Bí irin tiwọn bá dùbúlẹ̀, kí tiyín náà dùbúlẹ̀. Bí ó bá dúró, kí tiyín dúró. Ẹni tó bá gbé e ní òdì yóò pàdánù púpọ̀ nínú ohun tó ń wá.

Páànù ni olórí ọ̀tá

Wàyí o, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gbọ́ pé àwọn ará Òyìnbó ń gbé áńtẹ́nà sínú àjà, tí wọ́n sì ń rí àwòrán tó dára. Òótọ́ ni. Ẹ wo àwọn Yorùbá tí ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Òpó Crystal Palace, tó ga tó mítà 219, kò jìnnà sí wọn ju kìlómítà mélòó kan lọ. Òrùlé ilé wọn, amọ̀ sísun tàbí òkúta pẹlẹbẹ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìgbì ń gba inú irú òrùlé bẹ́ẹ̀ kọjá. Yóò dín kù díẹ̀, pàápàá bí òjò bá rin ín, ṣùgbọ́n yóò wọlé. Ẹni tó bá gbé áńtẹ́nà sínú àjà ní Peckham kò ṣe ohun tó burú rárá.

Ẹ wá wo Elelenwo. Ilé wo lẹ rí tí kò ní páànù lórí? Páànù sì jẹ́ irin. Ìgbì tó bá kọlu irin, ẹ̀yìn ló ń padà sí, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń padà lára dígí. Kò ní í ṣe pẹ̀lú bí páànù ṣe nípọn tó. Èyí tó fẹ́lẹ́ bíi bébà, bó bá ti jẹ́ irin, ó ti tó láti lé ìgbì sẹ́yìn. Aluminium tí wọ́n ń tẹ́ lọ gbọọrọ láti òkè dé etí òrùlé kò yàtọ̀ sí páànù àtijọ́ nínú ọ̀ràn yìí, bó ti wù kó lẹ́wà tó àti àwọ̀ yòówù tí wọ́n kùn ún.

Ẹ ṣọ́ra fún irú òrùlé kan pàtó. Àwọn ilé tuntun kan ní òrùlé tó dàbí òkúta, tí ènìyàn yóò fọwọ́ kàn tí yóò rò pé amọ̀ sísun ni. Irin ni ó wà nísàlẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ẹni tó bá rí i tó ní, “Ilé wa dàbí ti Lọ́ńdọ̀nù, áńtẹ́nà inú àjà yóò ṣiṣẹ́,” owó rẹ̀ ló fẹ́ sọnù. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n rọrùn: ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kékeré lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ níbi etí òrùlé. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Ṣùgbọ́n mágínẹ́ẹ̀tì kì í lẹ̀ mọ́ aluminium, nítorí náà bí kò bá lẹ̀, ẹ tún fi ojú wo etí rẹ̀ dáadáa.

Òrùlé asbestos tó wà lórí àwọn ilé àtijọ́ kan kì í dí ìgbì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Ẹ má lu ú, ẹ má gé e, ẹ má sì fi irin dá a lu. Eruku rẹ̀ máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ìkànnì kan láyé tó tó èyí.

Ní ti àjà fúnra rẹ̀, páátákó, PVC àti POP kò dí ìgbì lọ́wọ́. Ògiri búlọ́ọ̀kù ń dín in kù, ṣùgbọ́n kì í lé e padà pátápátá bíi páànù. Ibi tí ìrètí wà nìyẹn.

Níbo nínú àjà?

Bí òrùlé bá jẹ́ páànù, kì í ṣe òkè ni ìgbì yóò gbà wọlé, ẹ̀gbẹ́ ni. Nítorí náà, ẹ má gbé áńtẹ́nà sí àárín gbùngbùn àjà lókè téńté, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ló ga jù. Ẹ gbé e súnmọ́ ògiri. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà tí ìgbì ń gbà yọ́ wọlé.

Èkínní ni ògiri onígun mẹ́ta tó máa ń wà ní ìpẹ̀kun òrùlé kan. Bó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù tàbí pákó ni wọ́n fi dí i, tí ó sì kọjú sí ibi tí òpó ilé-iṣẹ́ wà, ibẹ̀ ni àyè tó dára jù. Bí ihò atẹ́gùn bá wà lára rẹ̀, ó túbọ̀ dára.

Èkejì ni abẹ́ etí òrùlé. Níbi tí òrùlé ti yọ síta kọjá ògiri, pákó tàbí PVC ni wọ́n sábà fi ń dí abẹ́ rẹ̀. Ìgbì lè gba ibẹ̀ wọlé láti ìsàlẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé kí ẹ fi àjà sílẹ̀, kí ẹ gbé áńtẹ́nà kọ́ sókè fèrèsé nínú yàrá, bí fèrèsé náà bá kọjú sí ibi tó yẹ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni fèrèsé ń ṣe dáadáa ju àjà lọ nínú ilé onípáànù. Ẹ kàn ṣọ́ra fún irin adènà-olè tó pọ̀ lójú fèrèsé, àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó bá jẹ́ ti irin.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un. Irin tó ń ṣe ọ̀tá wa lè di ọ̀rẹ́ bí ó bá wà lẹ́yìn. Bí áńtẹ́nà kékeré bá wà níwájú páànù, tí àlàfo àárín wọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13, tí ìgbì sì ń bọ̀ láti iwájú, páànù náà yóò máa dá ìgbì padà sára áńtẹ́nà. Ṣùgbọ́n nínú àjà onípáànù, ìgbì yóò máa ta kiri láti ibí sí ọ̀hún. Ẹ lè rí àwòrán tó mọ́ níbi kan, kí ẹ sún un ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kó sì parẹ́. Nítorí náà, ẹ rọra máa sún un. Ẹ má tètè kàn án mọ́lẹ̀.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó gun àjà

Ọlọ́gbọ́n kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni kí ẹ tẹ̀lé.

Ìkínní, ẹ lọ wo àwọn áńtẹ́nà àdúgbò. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọjú sí ni ibi tí òpó wà. Ìmọ̀ yìí kò náni ní kọ́bọ̀.

Ìkejì, ẹ ṣe áńtẹ́nà ìdánwò. Ẹ gé wáyà bàbà méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12. Ẹ kàn wọ́n mọ́ pákó kékeré ní ọ̀kánkán ara wọn, kí wọ́n má fara kanra. Ẹ so ọ̀kan mọ́ ojú wáyà tó wà láàárín gbùngbùn wáyà áńtẹ́nà, kí ẹ so èkejì mọ́ àwọ̀n tó yí i ká. Kò ní dára tó èyí tí wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n yóò jẹ́rìí. Bí RSTV lórí UHF 22 nìkan lẹ ń wá, ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà 15.

Ìkẹta, ẹ ṣí mẹ́nù díkódà tàbí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ óò rí ọ̀pá méjì níbẹ̀, ọ̀kan ni Strength, èkejì ni Quality. Àṣìṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé Strength ni wọ́n ń wò. Agbára nìkan ni ìyẹn ń sọ, ariwo náà sì ní agbára. Quality ni kí ẹ máa wò, nítorí òun ló ń sọ bóyá òǹkà náà dé pé pérépéré. Ẹ kọ iye tí ẹ rí níta sílẹ̀, kí ẹ kọ ti ojú fèrèsé, kí ẹ wá bẹ káfíńtà tàbí oníṣẹ́ iná kó bá yín gbé e dé ẹnu ihò àjà. Díkódà kan náà àti wáyà kan náà ni kí ẹ lò níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ìdánwò náà má bàa parọ́.

Ìkẹrin, ẹ dán an wò ní ìgbà tó yàtọ̀ síra, ní ọ̀sán, ní alẹ́, àti nígbà tí òjò bá ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìsí ààrá. Bí Quality inú àjà bá jìnnà sí ti ìta, tí ó sì ń lọ sókè-sódò, ẹ gbàgbé àjà. Bí kò bá fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ẹ lè lọ ra áńtẹ́nà.

Ọ̀rọ̀ búsítà àti wáyà

Àwọn ọlọ́jà yóò sọ pé bí kò bá mọ́, kí ẹ ra búsítà. Búsítà kì í ṣẹ̀dá ohun tí kò sí. Ohun tí áńtẹ́nà bá gbé wá ló ń sọ di ńlá, àti ìgbì àti ariwo. Bí páànù bá ti dí ìgbì lọ́nà, ariwo nìkan ni yóò sọ di ńlá. Fún ẹni tó sì ń gbé nítòsí òpó ilé-iṣẹ́, bí àwọn ará Elelenwo kan, ìgbì òpó náà lè kún búsítà ní àkúnya tí yóò fi ba àwọn ìkànnì yòókù jẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ooru inú àjà onípáànù lọ́sàn-án kì í jẹ́ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pẹ́.

Wáyà ni kí ẹ fi owó náà rà. Wáyà roboto olójú 75 tí wọ́n ń pè ní RG6 ló dára. Ẹ jáwọ́ nínú wáyà pẹlẹbẹ àtijọ́. Bí RG6 bá gùn tó mítà 20, nǹkan bí ìdajì agbára ìgbì yóò ti sọnù kó tó dé ìsàlẹ̀, nítorí náà ẹ má fi mítà 30 sí ibi tí 8 yóò tó. Ẹ má sì lọ́ wáyà pọ̀ mọ́ ara wọn pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ fi kọnẹ́kítọ̀ so ó.

Ẹ̀mí ju àwòrán lọ

Ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó jù nìyí. Àwọn kan ti kú nítorí áńtẹ́nà. Ẹni tó ń gbé òpó irin dúró níta, tí orí òpó náà sì kan wáyà iná tó gbé 11,000 fóólítì tàbí 33,000, kì í sábà ní àǹfààní láti pariwo. Bí wáyà ńlá bá kọjá nítòsí ilé yín, ẹ má gbé òpó irin dúró níbẹ̀ láé. Ní ti èyí, áńtẹ́nà inú àjà tàbí ti ojú fèrèsé sàn ju òpó lọ, bí àwòrán kò tilẹ̀ pọ̀ tó ti òpó.

Inú àjà náà ní ewu tirẹ̀. Ẹ pa iná níbi ìyípadà kí ẹnikẹ́ni tó gun òkè. “Iná NEPA” ni a ṣì ń pè é bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ti kógbá sílé láti 2005, ṣùgbọ́n ìkú tó wà nínú rẹ̀ kò kógbá sílé. Ọ̀pọ̀ ilé àyágbé ló ní wáyà tí wọ́n so ní ìhòòhò nínú àjà. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ àti ìnfátà pẹ̀lú. Orí igi nìkan ni kí ẹsẹ̀ máa tẹ̀. Páátákó àti PVC kò lè gbé ènìyàn dúró, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ yóò bá ara rẹ̀ nílẹ̀ yàrá. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, kí ẹ má dá lọ, kí ẹ sì wò ó bóyá agbọ́n ti kọ́lé síbẹ̀.

Àwa tí a mọ òjò Port Harcourt mọ̀ pé ààrá rẹ̀ kì í ṣeré. Áńtẹ́nà inú àjà kò yọ orí sókè bí òpó, ṣùgbọ́n èyí kò ní kí ààrá má gba wáyà iná wọlé. Bí ààrá bá ti ń sán, ẹ yọ wáyà áńtẹ́nà àti ti iná kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Kí ẹ sì gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, nítorí òrùlé tó bá jò lẹ́yìn iṣẹ́ yín, ọrùn yín ni ẹjọ́ rẹ̀ yóò wà.

Àgbálọgbábọ̀ rẹ̀ nìyí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Bí òrùlé yín kì í bá ṣe irin, ẹ lè lo àjà láìfòyà. Bó bá jẹ́ páànù, ògiri ìpẹ̀kun òrùlé, abẹ́ etí òrùlé tàbí ojú fèrèsé ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Bí ìdánwò bá fi hàn pé kò sí ọ̀kan tó mú àwòrán tó dúró wá, ẹ pe ayálégbé mélòó kan jọ, kí ẹ dá owó, kí oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ gbé áńtẹ́nà kan ṣoṣo síta fún gbogbo ilé pẹ̀lú ìyọ̀ǹda onílé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kò lè dá ṣe, yàrá mẹ́fà lè jọ ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a máa ríran nílùú tí a wà, kí a mọ ohun tó ń lọ láyìíká wa, kí a kàwé wa jáde láyọ̀, kí a sì padà sílé ní àlàáfíà. Ire o.